Ààwẹ̀ Tí N Kò Dá Níyàá

Ọjọ́ kẹta tí owó màámi ti há sí ẹnubodè,
tí sẹ̀fà kò di náírà, tí náírà kò di oúnjẹ,
mo rẹ gààrí tó gbẹ̀yìn nínú ike,
mo sì ń ka ìwé lórí àrùn tó ń bá ewé ẹ̀gẹ́ jà
títí ojú fi ń ṣú mi.
Ẹ̀gẹ́ ni mo wá kọ́ l'Álábàtà.
Ẹ̀gẹ́ ni n kò rí jẹ.

Yàrá mi wà lẹ́yìnkùlé Bàbá Jìnádù ní Ìtókò,
níbi tí àpáta ti yọrí láàárín ilé méjì
bí àlejò tó dé kí onílé tó dé,
tí wọ́n wá ń sá láfún lé e lórí.

Aago mẹ́rin òru kọjá díẹ̀, wọ́n kan ilẹ̀kùn.
"Ọmọ Àjàṣẹ́, dìde. Sààrì ti tó."
Ìyá Mulikátù ni, tòun ti tọ́ọ̀ṣì.
"Láti ọjọ́ mẹ́ta, n kò gbọ́ ìró ìkòkò níbí.
Mo ní, ọmọ yìí ń gbààwẹ̀,
kò sì sẹ́ni tó ń jí i."

Ẹnu mi là, kò sọ̀rọ̀.
Ọmọ Àgùdà ni mí, láti ọwọ́ ìyá bàbá mi wá;
rosári tó rọ̀ lára ìṣó lókè bẹ́ẹ̀dì kì í ṣe tẹ̀sùbáà.
Ṣùgbọ́n òórùn ọbẹ̀ ti wọlé ṣáájú ìyá,
ó ti pe ikùn mi, ikùn ti jẹ́.
Mo wọ sálúbàtà. Mo tẹ̀lé wọn.

Ẹní kan ṣoṣo, ọwọ́ mẹ́fà.
Funfun ni òkèlè tiwọn. Dúdú ni tiwa lọ́hùn-ún,
tẹlibó là ń pè é.
"Tẹ kí ni?" ni Mulikátù wí, ó bú sẹ́rìn-ín,
ẹ̀rín òru tí wọ́n ń fọwọ́ bò mọ́ ẹnu.
Ilá ń yọ̀. Pọ̀nmọ́ kan wà nínú àwo mi
tí n kò rí irú rẹ̀ nínú àwo Bàbá.
Mo rí i. Mo ṣe bí ẹni tí kò rí i.

Bàbá ní, "Bísímílà, ilẹ̀ ń mọ́ lọ."
Ọwọ́ mi dìde fúnra rẹ̀ lọ síwájú orí
láti ṣàmì àgbélébùú.
Gbogbo wọn tẹjú mọ́ ọbẹ̀.
Mo fọwọ́ náà họ iwájú orí mi
bí ẹni tí ẹ̀fọn jẹ.

Ọjọ́ yẹn ni mo gbààwẹ̀ ní tòótọ́, nítorí ìtìjú.
Nírọ̀lẹ́, kí ládáànì tó gbóhùn sókè,
mo ti wà lórí ẹní, dàbínù lọ́wọ́,
mo ń wo oòrùn tó ń fà sẹ́yìn lórí páànù pupa
bí onígbèsè.

Ọ̀sẹ̀ kejì, owó dé.
Mo ra ìrẹsì, kò pọ̀, mo ra òróró,
mo kúnlẹ̀ níwájú Ìyá Mulikátù nídìí ẹ̀wà tí wọ́n ń bó.
Mo ní, "Mà, irọ́ ni mo ti ń pa fún yín."
Wọn kò gbójú sókè.
"Ìlẹ̀kẹ̀ ara ìṣó yẹn, àb'o rò pé ojú ń dùn mí ni?
Wọ́n ní ẹni tó sùn là ń jí, a kì í jí apirọrọ.
Apirọrọ tébi ń pa ńkọ́?
Gbé ìrẹsì sọ́hùn-ún. Wá bó ẹ̀wà."

Mo jókòó.
Eèpo ẹ̀wà lẹ̀ mọ́ mi níka, kò fẹ́ bọ́.
Lẹ́nu ọ̀nà, Mulikátù ń kọ́ ọmọ aládùúgbò:
"Tẹ-li-bó. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Tẹ-li-bó."

Àkàrà ìṣínu ọjọ́ náà jó díẹ̀.
Èmi ni mo dín in.